Omi Ni Kí Ẹ Máa Ṣọ́: Bí A Ṣe Ń Kojú Ooru Ilé àti Òtútù Òkè Òkun

Nínú yàrá ìyá àgbà wa ní Ìbàdàn, àmù kan wà ní kọ̀rọ̀ tí iyanrìn tútù yí ìdí rẹ̀ ká. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, tí páànù orí ilé ń dún ká-ká-ká, ara àmù yẹn á máa làágùn, omi inú rẹ̀ á sì tutù débi pé kò sẹ́ni tó ń bèèrè yìnyín. Nígbà tí mo wá di àgùnbánirọ̀ ní Ṣókótó, mo rí i pé omi àmù tọ̀hún tún tutù ju ti Ìbàdàn lọ, bẹ́ẹ̀ ooru ibẹ̀ ló le jù. Winnipeg ní Kánádà ni mo ń gbé báyìí, níbi tí ìpíndọ́gba oṣù January ti ń lọ sí −16°C. Ọ̀rọ̀ àmù yẹn náà ni mo ṣì ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Omi tó ń yọ lára àmù, bí afẹ́fẹ́ bá ti gbé e, ìgbóná ló ń bá a lọ. Òógùn tiwa náà nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tó gbẹ ń gbé omi kíákíá. Afẹ́fẹ́ tó ti mumi yó kò ráyè gba òmíràn mọ́, òógùn á kàn máa ṣàn lásán ni, ara ò ní tutù. Nítorí náà, bí ẹ bá dé ìlú kan, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé: níbo ni omi ara mi ń gbà lọ níbí?

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ mọ irú èyí tó wà níwájú yín

Fóònù yín á sọ pé 32°C ni. Ẹ má dúró síbẹ̀. Ẹ wo ìsàlẹ̀ níbi tí wọ́n kọ humidity sí, ìyẹn ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́. Bí 32°C bá pàdé ọ̀rinrin tó jẹ́ ìdá 70 nínú 100, bíi 40°C ló máa rí lára. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ti Ṣókótó dé ṣe ń ráhùn ooru Èkó, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà Ṣókótó ga ju ti Èkó lọ dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo afẹ́fẹ́, pàápàá bó bá jẹ́ ìlú olótùútù lẹ wà. Ọjọ́ tó bá jẹ́ −20°C, tí afẹ́fẹ́ sì ń sáré kìlómítà 30 ní wákàtí kan, bíi −33 ló ń ṣe awọ ara tí aṣọ ò bò. Ní Kánádà, lọ́tọ̀ ni wọ́n máa ń kéde iye yìí. Wọ́n ń pè é ní wind chill. Òun ni kí ẹ fi yan aṣọ, kì í ṣe nọ́ńbà ńlá tó wà lókè.

Bí fóònù ò bá sí, ẹ lo aṣọ tẹ́ ẹ sá. Bí aṣọ bá gbẹ kẹ́ẹ́ láàárín wákàtí kan, afẹ́fẹ́ gbígbẹ nìyẹn. Bó bá wà lórí okùn láti àárọ̀ tó ṣì ń tutù mọ́ yín lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́, ẹ ti mọ̀. Ní ìlú òtútù, imú yín á sọ fún yín: bẹ́ ẹ bá fa èémí sínú tí irun imú lẹ̀ mọ́ra wọn, òtútù ọjọ́ yẹn kì í ṣe ti eré.

Ìgbésẹ̀ kejì: bó bá jẹ́ ooru gbígbẹ

Ṣókótó, Kánò àti Maiduguri ni mò ń sọ, láti March títí wọ May, nígbà tí ọ̀sán máa ń kọjá 40°C. Ewu ibẹ̀ ni pé òógùn ń gbẹ kẹ́ ẹ tó rí i. Ara gbẹ, aṣọ gbẹ, ẹ ó rò pé ẹ ò làágùn rárá, bẹ́ẹ̀ omi ń tán lára yín. Ẹ má dúró de òǹgbẹ. Ẹ máa wo ìtọ̀ yín: bó bá ti pọ́n bí omi àgbo, omi ò tó lára.

Ẹ bo ara. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ mi, ṣòkòtò péńpé àti síńgílẹ́ẹ̀tì ni mo fi ń jáde, nítorí ohun tí mo mọ̀ nípa ooru nìyẹn. Àwọn onílé wọ babaríga gbàgẹ̀rẹ̀, wọ́n fi láwàní bo orí, ẹnu àti imú. Kò pẹ́ tó yé mi. Afẹ́fẹ́ tó gbóná ju ara ènìyàn lọ, tó ju 37°C lọ, ṣe ló ń da ìgbóná lé yín lórí. Aṣọ fífẹ̀ ló ń dá a dúró, tó sì ń jẹ́ kí òógùn ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Fáànù nìkan náà kì í gbani nírú ọ̀sán bẹ́ẹ̀. Ẹ fi omi ra ara tàbí kẹ́ ẹ da aṣọ tútù bo èjìká kẹ́ ẹ tó tàn án.

Ọ̀gbẹ́ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, ló mú ọgbọ́n àmù yìí lọ síwájú tó fi gba ẹ̀bùn tí ilé iṣẹ́ aago Rolex ń fún àwọn èèyàn ní ọdún 2000. Ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ ńlá kan àti kékeré kan tí a kò kun. Ẹ ki iyanrìn sí ìsàlẹ̀ ńlá, ẹ gbé kékeré sínú rẹ̀, ẹ fi iyanrìn dí àyè tó wà láàárín wọn, ẹ rọ omi sí iyanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ tútù bo ẹnu rẹ̀. Ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ lábẹ́ ibòòji ni kẹ́ ẹ gbé e sí. Tòmátò àti ata tí ì bá rà lọ́jọ́ méjì-mẹ́ta á pẹ́ dáadáa níbẹ̀. Àmọ́ kí ará Èkó má ṣe wàhálà. Nínú ọ̀rinrin tiwọn, díẹ̀ báyìí ló máa tutù.

Ìgbésẹ̀ kẹta: bó bá jẹ́ ooru ọlọ́rinrin

Èyí ni tiwa: Èkó, Ìbàdàn, Kútọnu, Lomé, pàápàá ní February sí April kí òjò tó fìdí múlẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ ò ti gba omi mọ́, ohun tẹ́ ẹ lè ṣe ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ afẹ́fẹ́ náà. Aṣọ àdìrẹ tàbí àǹkárá òwú tó ṣò ni kẹ́ ẹ wọ̀. Lẹ́ẹ̀sì onírọ́bà tí kò gba atẹ́gùn àti òfì tó nípọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ de ìgbà ọyẹ́. Mo ti rí ìyá ìyàwó tó dákú lábẹ́ kánópì nínú oṣù March nítorí aṣọ ẹbí, ẹ̀rù rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi.

Ilé ni iṣẹ́ pọ̀ sí jù. Páànù ń gba oòrùn láti àárọ̀, ó sì ń dà á sórí yín. Bílé yín ò bá ní síìlì, owó síìlì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá kẹ́ ẹ tó ronú AC. Lọ́sàn-án, ẹ fa kọ́tìnì sí fèrèsé tí oòrùn ń bọ̀ wá bá. Ti ìwọ̀ oòrùn ló burú jù láti aago méjì lọ. Bí ìta bá ti tutù ju inú ilé lọ lálẹ́, ẹ ṣí fèrèsé ní ọ̀tún àti òsì kí atẹ́gùn lè gba inú yàrá kọjá, kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì wà níbẹ̀. Bí iná bá wà, ẹ kọjú fáànù kan síta láti ojú fèrèsé kó lé ooru jáde. Bí iná bá lọ, ẹ̀ní lórí sìmẹ́ńtì dára ju fóòmù lọ. Fóòmù ń di ìgbóná ara mú. Sìmẹ́ńtì ń fà á.

Ẹ bá ọ̀sán ṣe àdéhùn. Iṣẹ́ tó le, ẹ ṣe é kí aago mọ́kànlá tó lù, kẹ́ ẹ sì parí ìyókù lẹ́yìn aago mẹ́rin. Ẹni tó ń ru búlọ́ọ̀kù, ẹni tó ń wa ọ̀kadà àti ìyá tó ń dín àkàrà nídìí iná nílò omi ju ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì lọ, kí ẹ bá wọn wá a.

Ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà, ọmú ni kẹ́ ẹ máa fún un lemọ́lemọ́, kì í ṣe omi. Bẹ́ ẹ bá pọ̀n ọ́n, ẹ máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lóòrèkóòrè, torí ẹ̀yìn yín àti àyà rẹ̀ ti di ààrò kan ṣoṣo.

Bí ooru bá ti fẹ́ di ewu

Orí fífọ́, òòyì, èébì, iṣan ẹsẹ̀ tó ń fà: ẹ gbé ẹni náà sí ibòòji, ẹ tú aṣọ rẹ̀, ẹ fún un lómi díẹ̀díẹ̀. Omi oníyọ̀ àti ṣúgà dára níbí: lítà kan omi mímọ́, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má fi iyọ̀ kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àmọ́ bí ara rẹ̀ bá gbóná janjan, tó ń sọ ìsọkúsọ tàbí tó dákú, ìyẹn ti kọjá omi mímu. Ẹ rọ omi sí i lára, ẹ máa fẹ́ ẹ, ẹ ki aṣọ tútù sí abẹ́ apá, ọrùn àti itan, kẹ́ ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má fi nǹkankan sí i lẹ́nu. Ní Èkó, 112 tàbí 767 ni kẹ́ ẹ pè.

Ọyẹ́ ò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Afẹ́fẹ́ Sàhárà ni, gbígbẹ ló fi ń pani lára: ètè á bó, gìgísẹ̀ á là, eruku á dí imú. Òrí ni kẹ́ ẹ fi pa ara nígbà tí omi ìwẹ̀ ò tíì gbẹ tán lára. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé ààrò èédú wọ yàrá tẹ́ ẹ ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa nítorí òtútù òwúrọ̀. Èéfín tí kò ní òórùn wà nínú iná èédú àti jẹnẹrétọ̀, ó sì ń pa odidi ìdílé lójú oorun.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ìmúra fún ìlú òtútù

Ẹ má ra jákẹ́ẹ̀tì ńlá nílé. Èyí tó wà ní ọjà wa, fún ẹwà ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ rẹ̀. Ẹ ra súẹ́tà kan, fìlà kan àti ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn tó máa gbé yín dé ilé ẹni tó ń bọ̀ wá gbà yín. Ìyókù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti rà á, ó sì dára kó jẹ́ October, kó tó di pé aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́. Ilé ìtajà aṣọ àlòkù wà níbẹ̀ fún ẹni tówó rẹ̀ ò tíì gbé, àkísà kọ́ ni, aṣọ gidi ni wọ́n ń tà.

Bí a ṣe ń wọ̀ ọ́ rèé, ibí ni mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ jù. Aṣọ òwú tó gbà wá lọ́wọ́ ooru ní Ìbàdàn, òun gan-an ló máa ń dalẹ̀ níbí, nítorí ohun kan náà: òwú máa ń mu omi, ó sì ń pa á mọ́ra. Ní ọdún àkọ́kọ́ mi, síńgílẹ́ẹ̀tì òwú, ṣẹ́ẹ̀tì òwú àti jíǹsì méjì ni mo wọ̀ sábẹ́ jákẹ́ẹ̀tì. Mo sáré tẹ̀lé bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì fi mí sílẹ̀, mo ti làágùn. Mo dúró ní bọ́sìtọ́ọ̀pù fún ìṣẹ́jú 20. Òógùn ẹ̀yìn mi tutù bíi pé ẹnì kan ń rọ omi kànga sí mi lọ́rùn. Bí mo ṣe délé, ọwọ́ mi ò lè fi kọ́kọ́rọ́ sí ihò rẹ̀. Mo ti di àmù.

Nítorí náà, aṣọ tó fara kan awọ yín kò gbọdọ̀ jẹ́ òwú. Kó jẹ́ irun àgùntàn tàbí polyester tín-ínrín tó fún mọ́ra, tó ń lé òógùn síta. Èyí tó tẹ̀ lé e ni kó nípọn, súẹ́tà irun àgùntàn tàbí fleece, tó ń di afẹ́fẹ́ gbígbóná mú. Jákẹ́ẹ̀tì tí afẹ́fẹ́ àti omi ò lè gbà wọlé ló wà lóde pátápátá. Kó gùn dé itan, kó sì ní ìborí. Bẹ́ ẹ bá ti ń làágùn, ẹ ṣí ọrùn rẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ bọ́ ọ̀kan kúrò. Kí ara tutù díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ń jáde sàn ju kẹ́ ẹ làágùn lọ.

Bàtà: kí ọmọ ìka lè máa mira nínú rẹ̀. Ìbọ̀sẹ̀ méjì nínú bàtà tó fún kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ṣàn, ẹsẹ̀ á sì tutù ju ti oníbọ̀sẹ̀ kan lọ. Ìbọ̀wọ́ tí ìka mẹ́rin ń gbé pọ̀ nínú rẹ̀ gbóná ju èyí tí ìka kọ̀ọ̀kan dá gbé lọ. Etí wà lára ibi tí òtútù kọ́kọ́ ń jẹ, kí fìlà bò ó. Fìlà gọ̀bì dára, àmọ́ ti òde ìnáwó ni.

Ọmọdé tó bá máa jókòó sí àga ọmọ nínú mọ́tò, ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì wúwo lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó de bẹ́líìtì, kẹ́ ẹ wá fi búláńkẹ́ẹ̀tì bò ó lórí bẹ́líìtì. Jákẹ́ẹ̀tì tó wú kì í jẹ́ kí bẹ́líìtì di ọmọ mú bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá òtútù ń mú ìkókó, ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ ni kẹ́ ẹ fọwọ́ kàn, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: rírìn níta

Ẹ rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ: ìgbésẹ̀ kúkúrú, ẹsẹ̀ pẹrẹsẹ, orúnkún rọ̀, ọwọ́ kúrò nínú àpò. Yìnyín kan wà tí kì í hàn, tó dà bí ọ̀dà títì tó ń dán. Òun ló ń ṣẹ́ni lápá. Ní oríta Portage àti Main níbí, afẹ́fẹ́ ń kóra jọ láàárín àwọn ilé gíga débi pé ojú á máa da omi. Ẹ kọ ẹ̀yìn sí i, ẹ fi ìborùn bo imú.

Bí wind chill bá ti kọjá −28, awọ ara tí kò bò lè dì láàárín ìṣẹ́jú 10 sí 30. Lára àwa dúdú, ibi tó ń dì kì í fi bẹ́ẹ̀ funfun báuú bíi ti òyìnbó. Ó lè rí bí eérú, kó le, kí ẹ má mọ nǹkankan lára níbẹ̀ mọ́. Ẹ má fọwọ́ ra á, ẹ má fi yìnyín ra á, ẹ má sì nà án sí hítà, torí ibi tó ti kú ò ní mọ̀ pé iná ń jó òun. Inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, 37 sí 39°C, ni kẹ́ ẹ rì í sí, kẹ́ ẹ sì rí dókítà. Ọtí líle kì í lé òtútù. Ó kàn ń gbé ìgbóná inú wá sí awọ kó lè tètè sá lọ. Ẹni tó ti ń gbọ̀n rìrì tó wá ṣíwọ́ gbígbọ̀n, tí ahọ́n rẹ̀ ń wúwo, tó fẹ́ sùn, ẹ má jẹ́ kó sùn. Ní Kánádà, ẹ pe 911. Ní Britain, 999.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: inú ilé

Òtútù Winnipeg gbẹ. Ti London tutù rinrin. Ìyẹn ló fà á tí ẹni tó wà ní Peckham, ní 5°C, fi ń sọ pé òtútù wọ eegun òun. Ní London, ọ̀rinrin ni ọ̀tá. Ẹ má máa sá aṣọ sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, ògiri á bu, àyà ọmọ á sì máa dún. Ẹ ṣí fèrèsé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ lójoojúmọ́, àní nínú òtútù. Kí inú ilé má rẹlẹ̀ ju 18°C lọ, pàápàá bí arúgbó tàbí ìkókó bá wà níbẹ̀.

Ní Winnipeg, òdìkejì ni. Hítà ń mú kí afẹ́fẹ́ inú ilé gbẹ, imú á máa ṣẹ̀jẹ̀, iná kékeré á máa ta yín bẹ́ ẹ bá di irin ilẹ̀kùn mú. Àwo omi nítòsí ibi tí hítà ti ń fẹ́ ń ràn wá lọ́wọ́. Ìwẹ̀ kúkúrú, omi lọ́wọ́ọ́wọ́, lẹ́yìn náà òrí. Àwọn ìyá wa ní Ìbàdàn ló ń fi òrí tiwa ránṣẹ́, kò sí ìpara tí mo rí ní ṣọ́ọ̀bù níbí tó tó o.

Òkùnkùn tún wà. Ní London nínú oṣù December, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù dáadáa. Awọ dúdú ń fẹ́ oòrùn púpọ̀ kó tó lè pèsè fítámì D. Ìmọ̀ràn ìjọba Britain ni máíkírógíráàmù 10 lójúmọ́ láti October sí March, wọ́n sì ní kí àwọn tí awọ wọn dúdú ronú láti lò ó jálẹ̀ ọdún. Ẹ bá dókítà yín sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ sì jáde lọ́sàn-án nígbà tí oòrùn bá yọ, bó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 15.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òun ti bọ́ lọ́wọ́ ooru torí pé ó ti kọjá òkun. Ní July 19, 2022, ó gbóná dé 40.3°C ní Coningsby ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ ṣe ni wọ́n kọ́ àwọn ilé ibẹ̀ láti di ìgbóná mú. Ọgbọ́n kọ́tìnì àti fèrèsé alẹ́ tí mo sọ lókè ni kẹ́ ẹ lò.

Bẹ́ ẹ bá ń bọ̀ wálé lọ́dún

Ara tó ti mọ́ òtútù lára ń fẹ́ bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kó tó tún bá ooru mu. Ẹ má fi ọjọ́ kejì tẹ́ ẹ dé ṣe òde ńlá. Àwọn ọmọ tẹ́ ẹ bí sí òkè òkun ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù. Ooru á sú sí wọn lára, wọn ò ní mọ bí a ṣe ń bèèrè omi lọ́wọ́ àgbà. Kí ìgò omi wà lọ́wọ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan láti ẹ́ápọ́ọ̀tù. Jákẹ́ẹ̀tì yín, ẹ má kó o sínú àpótí tó ń lọ sí ìsàlẹ̀ bàálù. Ẹ gbé e lọ́wọ́, torí bẹ́ ẹ bá padà dé ní January, láti ẹnu ọ̀nà ẹ́ápọ́ọ̀tù dé ìdí takisí lẹ máa ti wá a.